Ògbufọ̀ ni Káàdì Náà Ń Wá

Ẹ̀yin ìjòyè ọlọ́lá, ẹ̀yin àgbà ìlú, àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé tí ẹ ń ka ìwé wa yìí lóṣooṣù, ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn káàkiri Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, a kò sì lè dákẹ́ mọ́ lórí rẹ̀. Wọ́n ń wí pé kọ̀ǹpútà tí a bá fi Linux sí, èyíinì ni ètò ìṣiṣẹ́ tí ó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé, kì í rí Wi-Fi. Pé ẹni tí ó bá gbé e wọ ilé-ẹ̀kọ́ ti sọ ẹ̀rọ di igi. Pé ó sàn kí a ti ìlẹ̀kùn yàrá kọ̀ǹpútà pa títí olóore kan yóò fi ra tuntun fún wa. Àwa ń wí gbangba pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe òtítọ́, àti pé ìpalára tí ó ń ṣe fún àwọn ọmọ wa kì í ṣe kékeré.

Ohun tí ó sọ ọ̀rọ̀ yìí di kánjúkánjú nìyí. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni ilé-iṣẹ́ Microsoft dá ìtọ́jú gbogbogbòò tí ó ń ṣe fún Windows 10 dúró. Windows 11 tí ó rọ́pò rẹ̀ kò sì fẹ́ ẹ̀rọ àtijọ́: ó ń béèrè ẹ̀yà ààbò tí à ń pè ní TPM 2.0, ó sì ń béèrè ọpọlọ ẹ̀rọ tí Microsoft fọwọ́ sí. Púpọ̀ nínú àwọn kọ̀ǹpútà tí ẹgbẹ́ ọmọ ilé-ìwé àtijọ́ àti àwọn ọmọ ìlú tí ó wà lókè òkun fi ta ilé-ẹ̀kọ́ lọ́rẹ kò lè dáhùn ìbéèrè méjèèjì. Ara wọn ṣì le, wọ́n sì lè ṣiṣẹ́ fún ọdún púpọ̀ sí i. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó wà níwájú wa: kí a máa lo ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣọ́ mọ́ lọ́wọ́ àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì, kí a kó wọn dà sí ààtàn, tàbí kí a fi Linux sí wọn. Ọ̀nà kẹta ni ọ̀nà ọlọ́gbọ́n, káàdì Wi-Fi ni àwọn ènìyàn sì fi ń dẹ́rù bà wá lójú ọ̀nà náà.

Kí ni ohun náà gan-an tí kò ṣiṣẹ́? Ẹ fojú inú wò ó bí ó ti máa ń rí nígbà tí àlejò tí kò gbọ́ èdè wa bá wọ ààfin. Kábíyèsí ń bẹ lórí ìtẹ́, àlejò ń bẹ níwájú rẹ̀. Àwọn méjèèjì ní làákàyè, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò lè kọjá láàrin wọn títí ògbufọ̀ yóò fi dé. Káàdì Wi-Fi ni àlejò náà. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní dráífà ni ògbufọ̀. Ọ̀pọ̀ káàdì sì wà tí kì í rántí ohun tí ó mọ̀ lánàá: ní gbogbo ìgbà tí a bá tan ẹ̀rọ ni a ní láti tún kọ́ ọ ní iṣẹ́ rẹ̀ láti inú fáìlì kan tí à ń pè ní firmware. Bí ògbufọ̀ bá wà tí fáìlì yìí kò sì sí, káàdì yóò kàn máa wò sùn-ùn ni. Ẹni tí ó bá rí èyí tí ó sì wí pé Linux kò dára, ó dà bí ẹni tí ó lé ọba kúrò lórí ìtẹ́ nítorí pé ògbufọ̀ pẹ́ kí ó tó dé.

Ta ni ó ha fi ògbufọ̀ pamọ́ bí? Àwọn tí ó ṣe káàdì ni. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ilé-iṣẹ́ Broadcom ti Amẹ́ríkà, tí káàdì rẹ̀ wà nínú àìlóǹkà kọ̀ǹpútà alágbèéká, kò fi èdè káàdì rẹ̀ han àwọn tí ń ṣe Linux. Àwọn wọ̀nyí kò sọ̀rètí nù. Wọ́n pín ara wọn sí apá méjì. Apá kan wo bí dráífà tí ó ti wà tẹ́lẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì kọ gírámà ohun tí wọ́n rí sílẹ̀. Apá kejì, tí kò fojú kan dráífà náà rí, ka gírámà yìí, wọ́n sì ti inú rẹ̀ ṣe ògbufọ̀ tuntun, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ẹ̀sùn olè kàn wọ́n. Iṣẹ́ wọn wọ inú Linux ní oṣù kẹfà ọdún 2006. B43 ni à ń pe èyí tí ó rọ́pò rẹ̀ títí di òní. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2010 ni Broadcom fúnra rẹ̀ tó ṣí dráífà sílẹ̀ fún díẹ̀ nínú àwọn káàdì rẹ̀ tuntun.

Ìtàn yìí kò ṣàjèjì sí wa. Ní 1843 ni Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, tẹ ìwé ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá jáde. Ní 1855 ni T. J. Bowen, míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi, dé Ògbómọ̀ṣọ́ láti gbé ibẹ̀. Ní 1858 ni a tẹ gírámà àti ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá tí ó kọ jáde ní Amẹ́ríkà. Ẹnu àwọn baba wa ni Bowen ti gbà á. Àwọn baba wa kò ti èdè wọn mọ́ inú àpótí, wọn kò sì wí pé kí ẹnikẹ́ni san owó kí ó tó gbọ́ ọ. Nígbà náà, kí ni ìdí tí àwa ọmọ wọn yóò fi gbà pé ohun tí a fi owó ara wa rà lè fi èdè rẹ̀ pamọ́ fún wa, tí a ó sì máa bínú sí ẹni tí ó jókòó láti kọ́ èdè náà fún wa?

Ohun tí ó ń da àwọn ènìyàn láàmú jù ni pé fáìlì tí káàdì ń fẹ́ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, káàdì yìí kan náà ni a sì fẹ́ fi dé orí íntánẹ́ẹ̀tì. Kọ́kọ́rọ́ wà nínú ilé, ilé sì wà ní títì. A kò sẹ́ pé èyí ti fìyà jẹ ọ̀pọ̀ ènìyàn rí. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń ṣe Debian, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ka Linux tí ó lókìkí jù, dìbò lórí ọ̀rọ̀ náà ní 2022. Láti ìgbà tí Debian 12 ti jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2023 ni firmware ọ̀pọ̀ káàdì ti ń bá ẹ̀dà ìfisórí rẹ̀ wá. Nítorí náà, ẹni tí ó gbìyànjú ní ọdún 2015 tí ó sì kùnà, kò yẹ kí ó máa fi ìkùnà ìgbà náà jẹ́rìí lòdì sí iṣẹ́ òní. Ti b43 ṣì wà lóde, nítorí pé onílé rẹ̀ kò yọ̀ǹda kí a máa pín in.

Ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́ mọ ìtàn Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ ìránṣẹ́ Ọlọ́run ní ìlú yìí. Ó parí ìwé ìtàn àwọn Yorùbá ní 1897. A fi í ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ ni ó sì sọnù sí. Johnson kú ní 1901. Bí kò bá ṣe ti àkọsílẹ̀ tí ó fi sílẹ̀ nílé, tí àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, fi tún ìwé náà kọ, tí ó sì jáde ní 1921, ìwé náà ì bá ti ṣègbé. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé kí a má ṣe fi ohun tí a kò lè ṣe aláìní sí ọwọ́ ẹni tí ó jìnnà nìkan. Firmware tí olówó rẹ̀ bá yọ̀ǹda kí a pín, kí ilé-ẹ̀kọ́ ní ẹ̀dà rẹ̀ nínú fláàṣì.

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Kí a tó pa ẹ̀rọ tì, ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ̀wọ̀ọ̀wọ́. Èkíní, kí a bi ẹ̀rọ léèrè orúkọ káàdì rẹ̀: kí a tẹ lspci -nnk, tàbí lsusb bí ó bá jẹ́ èyí tí à ń kì bọ ihò USB. Bí nọ́ńbà rẹ̀ lórí lspci bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 14e4, Broadcom ni. 8086 ni Intel, 10ec sì ni Realtek. Lábẹ́ rẹ̀ ni a ó ti rí dráífà tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́. Bí ìlà náà kò bá sí, ògbufọ̀ kò tíì dé. Èkejì, kí a tẹ rfkill list, nítorí ó lè jẹ́ pé ńṣe ni a pa Wi-Fi. Ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí a kì yóò dárúkọ, wọ́n ti pinnu láti kó àwọn ẹ̀rọ dànù kí a tó fi bọ́tìnì kékeré tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn hàn wọ́n. Ẹ̀kẹta, kí a tẹ dmesg, kí a sì wá ọ̀rọ̀ náà firmware. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ yóò dárúkọ fáìlì tí ó ń wá. Ẹ̀kẹrin, kí a fi okùn USB so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà, kí fóònù pín dátà rẹ̀ fún un. Èyí kò nílò káàdì Wi-Fi rárá. Ibẹ̀ ni a ó ti gba firmware-b43-installer fún Broadcom àtijọ́, firmware-iwlwifi fún Intel, tàbí firmware-realtek fún Realtek. Ẹ̀karùn-ún, kí a má ṣe jẹ́ kí ògbufọ̀ méjì máa jà lórí àlejò kan: dráífà wl tí Broadcom ṣe àti b43 kì í bá ara wọn gbé, a ní láti dá ọ̀kan dúró. Bí Secure Boot bá sì wà ní títàn, ó lè lé wl padà lẹ́nu ọ̀nà nítorí pé kò ní òǹtẹ̀. A ó fún un ní òǹtẹ̀, tàbí kí a pa Secure Boot.

Àwọn alátakò wa yóò wí pé ohun ọ̀fẹ́ kò níye lórí. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń tàn wọ́n jẹ, nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe ohun tí a kò san owó fún àti ohun tí kò sí lábẹ́ ìdè. Èdè wa gbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀fẹ́ yàtọ̀, òmìnira yàtọ̀. Òmìnira ni à ń sọ: àṣẹ láti ṣí ohun náà wò, láti tún un ṣe, àti láti fi í fún aládùúgbò láìjẹ̀bi. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń gan ọ̀fẹ́ ni ó sì ń lo Windows tí wọn kò san kọ́bọ̀ lé lórí, èyí tí ọmọkùnrin kan fi sí i fún wọn lójú pópó. Njẹ́ ó ha yẹ kí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ń kọ́ ọmọ ní òfin kẹjọ nínú yàrá kan, kí ó máa rú u nínú yàrá kejì?

Wọn yóò tún wí pé káàdì kan wà tí kò ní gbọ́ràn láéláé. Òtítọ́ ni. Irú èyí a máa wà. Ṣùgbọ́n a lè ra káàdì kékeré tí à ń kì bọ ihò USB, èyí tí ó ń lo dráífà ath9k_htc, tí dráífà rẹ̀ àti firmware rẹ̀ ṣí sílẹ̀ méjèèjì. Owó rẹ̀ kò tó ìdá kékeré nínú owó kọ̀ǹpútà tuntun. Ẹni tí ẹsẹ̀ bàtà rẹ̀ kan já kì í sun ilé.

Àwọn mìíràn yóò wí pé a kò ní onímọ̀. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí Yunifásítì LAUTECH ti wà láti 1990? Ní Ọ̀yọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ti ń kọ́ ènìyàn láti 1896? A máa ń fi í yangàn pé àwọn ẹlòmíràn ni í ṣe bí Ọ̀yọ́. Ẹ jẹ́ kí a wá fi hàn. Akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ tí ó bá yanjú káàdì kan fúnra rẹ̀ yóò kọ́ ọmọ ogún ní ọ̀nà náà; èyí tí a kàn fún ní ẹ̀rọ tuntun yóò kọ́ wọn láti máa dúró de olóore.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni à ń béèrè. Kí àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ má ṣe kó kọ̀ǹpútà kankan dànù kí a tó ṣe àyẹ̀wò márùn-ún tí a kà sílẹ̀ yìí fún un. Kí ẹgbẹ́ ọmọ ilé-ìwé àtijọ́ tó ra ẹ̀rọ, kí wọ́n béèrè orúkọ káàdì inú rẹ̀, kí wọ́n sì ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ẹni tí yóò kọ́ àwọn olùkọ́. Kí ẹ̀yin ìjòyè, nígbà tí a bá pè yín wá gé rìbọ́ọ̀nù, ẹ béèrè lójú gbogbo ènìyàn pé: ta ni yóò tún un ṣe bí ó bá dákẹ́?

Linux ní ètò bọ́tìnì ìtẹ̀wé ti Yorùbá nínú, tí ó ń kọ ẹ, ọ àti ṣ bí ó ti yẹ kí a kọ wọ́n. Ẹ̀rọ tí ó lè kọ orúkọ wa pé pérépéré wà nínú yàrá tí a tì pa, ògbufọ̀ ni ó sì ń wá. Ẹ ṣílẹ̀kùn.