Bí A Ṣe Lè Tufọ̀ ní Èdè Gẹ̀ẹ́sì



Ọ̀pọ̀ ìdílé wa ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní Àjàṣẹ́ ló ní ará ní Èkó tàbí ní Ìbàdàn. Bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ nílé, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a sábà máa ń fi kọ̀wé sí àwọn àna àti ọ̀rẹ́ tó wà lọ́hùn-ún. Ẹ jẹ́ kí àwa tí a kàwé ní èdè Faransé ṣọ́ra níbẹ̀.

Faransé a máa wí pé baba wa “a disparu”. Bí a bá fi “disappeared” túmọ̀ rẹ̀, ohun tí ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì yóò lóye ni pé baba sọnù. Wọn a máa wá a kiri, nígbà tí pósí ti wà nílẹ̀! “Défunt” sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ fún olóògbé, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tó ti kógbá sílé ni Gẹ̀ẹ́sì sábà ń pè ní “defunct”.

Kí ni kí a kọ nígbà náà? “Passed away” ni ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Ó súnmọ́ “ó jáde láyé” tiwa. “Died” náà kì í ṣe èébú. Bí a bá fẹ́ dárúkọ olóògbé, “the late” ni a ó fi ṣáájú, bí Faransé ti ń lo “feu”. “Deceased” yẹ nínú ìwé ìjọba.

Onígbàgbọ́ lè kọ “fell asleep in the Lord”. Ṣùgbọ́n ẹ rántí Ìhìnrere Jòhánù, orí 11. Jésù kọ́kọ́ ní Lásárù sùn. Àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rò pé oorun lásán ni, títí Olúwa fi là á mọ́lẹ̀ fún wọn pé ó ti kú. Ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ kò gbọdọ̀ bo òtítọ́ mọ́lẹ̀. Nítorí náà, ẹ kọ orúkọ olóògbé, ọjọ́ tí ó kú, ọjọ́ Mísà àti ọjọ́ ìsìnkú, kí ọmọ tó wà lókèèrè lè dé bá wa da yẹ̀pẹ̀ sí ibojì òbí rẹ̀.

Bí ó bá sì jẹ́ pé òun nìkan ló ń gbé, àgbà kan tó wà nítòsí rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí. Ìwé kò lè di ènìyàn mú nígbà tó bá ń sunkún.

Kí Olúwa fún àwọn òkú wa ní ìsinmi, kí ó sì tu àwọn tó kù nínú.