Ta ló fa wáyà ilé yín?

Ìgbògbò ò jìnnà sí Ẹgbin. Láti 1985 ni ilé-iṣẹ́ amúnáwá tó wà níbẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́: ẹ̀rọ mẹ́fà, mẹ́gáwáàtì 1,320 lápapọ̀. Hitachi ará Japan ló ṣe àwọn ẹ̀rọ náà. Tí ọ̀kan bá bàjẹ́ lónìí, a mọ orúkọ tá a máa pè.

Ẹ wá wo ilé tuntun tó ń yọ ládùúgbò wa. Ta ló fa wáyà inú ògiri? “Bọ̀dá kan báyìí” ni wọ́n máa sọ. Kò sí ìwé àdéhùn, kò sí rìsíìtì. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ló wà nídìí ẹ̀rọ amúlétutù, ó ń gbóná níbi tójú ò tó.

Òfin tó dá NEMSA sílẹ̀ ní 2015 ti sọ ọ́: àjọ yẹn ló ń fún agbaṣẹ́ṣe iná níwèé àṣẹ, òun náà ló sì ń yẹ iṣẹ́ wọn wò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́lé, ẹ béèrè ìwé yẹn kí wọ́n tó rẹ́ ògiri. Bílé bá jóná, ilé ẹjọ́ ò lè ránṣẹ́ pe “bọ̀dá kan báyìí”.