Òòfà Wà Nínú Ilẹ̀ Wa, Ìwádìí Ló Kù

Ẹni tó bá tú ṣájà fóònù yóò rí wáyà bàbà tí wọ́n wé mọ́ ohun dúdú kan tó le bí àpáàdì. Ferrite ni wọ́n ń pè é. Òun náà ló wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ sípíkà rédíò, òun ló sì wà nínú kókó tó wú lára wáyà kọ̀ǹpútà. Ìpẹtà irin tí a pò mọ́ èròjà mìíràn, tí a sì sun nínú iná, ni. Lójú tèmi, òun ló yẹ kí àwọn yunifásítì Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà gbájú mọ́.

Nínú irin tó di òòfà, agbára kéékèèké inú àwọn átọ́ọ̀mù rẹ̀ kọjú síbì kan náà. Ti ferrite yàtọ̀. Ó dà bí ìgbà tí ẹgbẹ́ méjì ń fa okùn, tí apá ẹgbẹ́ kan sì ju ti èkejì lọ. Ohun tó ṣẹ́kù láàárín wọn ni òòfà tí a ń rí. Louis Néel, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló ṣàlàyé èyí lọ́dún 1948, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1970. Iná mànàmáná kì í sì fi bẹ́ẹ̀ rí ọ̀nà gba inú ferrite kọjá. Ìdí nìyẹn tí kì í fi gbóná bí irin nínú ẹ̀rọ tí iná ti ń yí padà kíákíá.

Ìwádìí lórí irú òòfà yìí kò dúró. Lọ́dún 2007, àwọn onímọ̀ ní Nijmegen, ní ilẹ̀ Nẹ́dálándì, fi ìmọ́lẹ̀ laser nìkan yí ojú òòfà tí a fi gadolinium, irin àti cobalt ṣe padà. Bí ọ̀nà yìí bá gún régé, kọ̀ǹpútà yóò máa tọ́jú ìsọfúnni kánkán ju ti ìsinsìnyí lọ. Àwọn mìíràn ń wá bí ferrite yóò ṣe rọ́pò òòfà neodymium nínú ọkọ̀ oníná. Wọn kò jayò pa. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, Ṣáínà fi òfin dí títa àwọn mẹ́táàlì ọ̀wọ́n kan, àti òòfà tí a fi wọ́n ṣe, sókè òkun, àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kan sì dáwọ́ iṣẹ́ dúró fúngbà díẹ̀.

Àwọn kan yóò ní agbára ferrite kò ju bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ti neodymium lọ. Òótọ́ ni, ohun tí ìwádìí ń lé sì nìyẹn: bí a ṣe lè po èròjà rẹ̀ àti bí a ṣe lè tò ó sínú ẹ̀rọ kí àbùkù náà má ṣe hàn púpọ̀. Àwọn mìíràn yóò ní a dá Ajaokuta sílẹ̀ lọ́dún 1979, ìléru ńlá rẹ̀ kò sì tíì yọ́ irin kankan, ta ló ń sọ ti òòfà? Àmọ́ ferrite kò nílò irú ìléru bẹ́ẹ̀. A ó lọ èròjà lúbúlúbú, a ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ra, a ó sì sun ún ní bíi 1,200 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Iṣẹ́ amọ̀kòkò ló fara jọ. Magnetite, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ irú òòfà yìí, wà nínú òkúta Itakpe ní ìpínlẹ̀ Kogi. Ó wà nítòsí Zouérat ní Mọriténíà, níbi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń gbé e lọ sétíkun fún títà.

Ohun tó wọ́n ni ẹ̀rọ tí a fi ń wọn agbára òòfà, àti iná tí kò ní kú nígbà tí ìléru bá ń jó. Kò pọn dandan kí gbogbo yunifásítì ra tirẹ̀. Kí àwọn ìjọba wa dá owó jọ, kí wọ́n kọ́ ibùdó kan tí akẹ́kọ̀ọ́ láti Accra, Zaria tàbí Dakar lè kó iṣẹ́ rẹ̀ wá wọ̀n, kí ó sì gba èsì rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Lọ́dún 1930, olùkọ́ méjì ní Tókyò, Yogoro Kato àti Takeshi Takei, ṣàwárí ferrite tó wúlò fún ẹ̀rọ. Nígbà tó di 1935, wọ́n ti dá ilé iṣẹ́ TDK sílẹ̀ láti máa ṣe é tà. Ọdún márùn-ún péré ni. Bí a bá ń ta òkúta lọ láìwádìí ohun tó wà nínú rẹ̀, a ó máa fi owó iyebíye rà á padà nínú ṣájà.