Ẹ má tíì ta alùpùpù bàbá yín fún onírin

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ irin ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe irin lásán. Ẹ lọ sílé àwọn àgbà ní Ifẹ̀wàrà, ní Òṣú, ní Ìbòdì tàbí ní Iléṣà fúnra rẹ̀, ẹ yí sẹ́yìn ilé, níbi tí wọ́n ń kó igi ìdáná sí. Kò ní í pẹ́ tẹ́ ẹ fi máa kan alùpùpù kan tó fara ti ògiri, tí táyà rẹ̀ ti jẹrà, tí adìyẹ sì ti sọ orí ìjókòó rẹ̀ di ibi tó ń yé ẹyin sí. Ó lè jẹ́ Honda, ó lè jẹ́ Vespa, ó lè jẹ́ Suzuki tàbí Yamaha. Ẹni tó ń gùn ún ti darúgbó, tàbí kó ti lọ sọ́run. Àwọn ọmọ wà l'Ékòó, wọ́n wà n'Íbàdàn, àwọn mìíràn wà lókè òkun. Kò sẹ́ni tó ń béèrè máṣíìnì náà mọ́.

Àfi ẹnì kan ṣoṣo. Onírin ni, ẹni tó ń ti ọmọlanke kiri àdúgbò, tó ń ra irin àlòkù. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe máa ń lọ nìyí. Yóò kí ìyá àgbà dáadáa, yóò ní, "Màmá, ẹ kú ilé o. Ṣé kò sírin tẹ́ ẹ fẹ́ tà?" Màmá á ní kò sí. Òun náà á nawọ́ sẹ́yìn ilé, á ní, "Èyí ńkọ́, Màmá? Ṣebí ó kàn ń gba àyè mọ́ yín lọ́wọ́ ni." Màmá á pe ọ̀kan nínú àwọn ọmọ lórí fóònù. Ọmọ tó wà lẹ́nu iṣẹ́, tí ọ̀gá ń wò lójú, á ní, "Ẹ fún un jàre, Màmá. Kí la fẹ́ fi ṣe?" Wọ́n á gbé e sórí òṣùwọ̀n, onírin á san owó tí kò tó ra ẹran ọbẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, ó parí nìyẹn.

Ìgbà tí gbogbo ilé bá pé lọ́jọ́ Kérésì ni wàhálà tó ń bẹ̀rẹ̀. Dáwódù á wo ẹ̀yìn ilé, á pariwo: "Ta ló ní kí wọ́n ta máṣíìnì bàbá mi?" Àwọn tí kò béèrè rẹ̀ láti ogún ọdún, gbogbo wọn ló máa wá di olólùfẹ́ máṣíìnì. Ẹni tó ní kí wọ́n tà á á di ọ̀tá mọ̀lẹ́bí. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó bú ara wọn tán, irin yẹn ti wọ iná, ó ti yọ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má rò pé nǹkan kékeré ni alùpùpù láyé ìgbà náà. Lọ́dún 1974 ni ìgbìmọ̀ Údójì ní kí ìjọba fi kún owó òṣìṣẹ́. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1975 tí wọ́n san èyí tó ti ń kó jọ fún wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ìgboro gbóná. Ẹni tó ra rédíò rà á, ẹni tó ra fáànù rà á, ọ̀pọ̀ tíṣà àti akọ̀wé sì fi tiwọn ra alùpùpù. Tíṣà tó bá ní Honda, àwọn ọmọ ilé-ìwé á ti mọ ìró rẹ̀ kó tó dé ìkóríta, ẹni tó ń ṣeré á sáré wọ kíláàsì. Alùpùpù ló ń gbé kòkó jáde láti oko tí mọ́tò ò lè dé. Òun ló ń gbé aboyún lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì lóru. Àwọn Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ń pè ní Òṣómàáló, tó jẹ́ pé wọ́n á ta aṣọ láwìn, wọ́n á tún rìn padà lọ gba owó wọn, wọ́n mọ iyì ohun tó ń gbé ni rìn.

Ìgbà tó yá ni orúkọ yí padà. Lọ́dún 1983 ni Olóyè Gabriel Igbinedion dá ilé-iṣẹ́ bàálù Okada Air sílẹ̀, ó fi orúkọ ìlú rẹ̀ sọ ọ́. Nígbà tí nǹkan le lẹ́yìn SAP ọdún 1986, tí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi alùpùpù gbé èrò káàkiri, àwọn aráàlú fi orúkọ bàálù yẹn sọ wọ́n, torí pé sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ò dá wọn dúró. Bàálù ti kógbá sílé láti ọdún 1997, ọ̀kadà orí títì ló kù. Bẹ́ẹ̀ ni ohun tó jẹ́ ẹṣin ọlọ́lá di ohun tí ọlọ́pàá ń lé. L'Ékòó lọ́dún 2022, ìjọba fi ẹ̀rọ fọ́ èyí tó lé ní 2,000 tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kadà. Ẹni tó bá dàgbà bá irú ìyẹn, tó wá rí Honda bàbá rẹ̀ lẹ́yìn ilé, ṣé kò ní í pè é ní pàǹtí?

Kì í ṣe pàǹtí o. Àwọn tó ṣe àwọn máṣíìnì yẹn ṣe é kó ṣeé tún ṣe. Lọ́dún 1958 ni ilé-iṣẹ́ Honda ní Jàpáànù gbé Super Cub jáde. Wọ́n fẹ́ kó jẹ́ èyí tí ọmọ tó ń gbé oúnjẹ fún oníbàárà lè fi ọwọ́ kan wà, kó fi ọwọ́ kejì di oúnjẹ mú. Ìdí nìyẹn tí kò fi ní kílọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń fọwọ́ tẹ̀. C70 tí àwọn èèyàn wa ń pè ní lédíìsì máṣíìnì, ọmọ ìdílé yẹn ni, ìdílé náà sì ti pé 100 mílíọ̀nù nígbà tó fi máa di ọdún 2017. CG125 tún wá tẹ̀ lé e láàárín ọdún 1970 sí 1980. Wọ́n ti rí i pé ní irú ilẹ̀ tiwa, ẹrù pọ̀, eruku pọ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í sì í pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò. Ni wọ́n bá yọ ṣéènì orí ẹ́ńjìnnì tó ń fẹ́ ìtọ́jú lóòrèkóòrè kúrò, wọ́n fi ọ̀pá irin tó ń ti fáàfù rọ́pò rẹ̀. Àwọn ará Ṣáínà wo ẹ́ńjìnnì yẹn, wọ́n ṣe tiwọn bí i tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ọ̀kadà tó ń kọjá lójú títì wa, àtọmọdọ́mọ CG ni. Ìyẹn ni pé ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ara rẹ̀ ṣì wà lọ́jà.

Kí wá ni kí ẹni tó fẹ́ tún un ṣe nílé ṣe? Kò nílò ṣọ́ọ̀bù ńlá. Abẹ́ pánù tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí ti tó. Ẹ wá sípánà tó pé, sikurudíráfà, páànù fífẹ̀, aṣọ àlòkù, ìwé àti bírò. Ìwé yẹn ṣe pàtàkì ju sípánà lọ. Ohun tẹ́ ẹ bá tú, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ fi fóònù ya á kẹ́ ẹ tó tú u. Nọ́ọ̀tì ibì kọ̀ọ̀kan, inú agolo mílíìkì tirẹ̀. Ẹni tó bá da gbogbo ẹ̀ pọ̀ sínú abọ́ kan, ọjọ́ tó bá fẹ́ tò ó padà ló máa mọ̀.

Àkọ́kọ́, ẹ má fi ìbínú ta kíìkì. Ẹ́ńjìnnì tó ti jókòó fún ọdún mẹ́wàá, písítìnì rẹ̀ lè ti gan mọ́ ilé rẹ̀. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, ẹ da ọ́ìlì díẹ̀ tẹ́ ẹ pò mọ́ dísù sí ojú ihò náà, kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ rọra fọwọ́ ti kíìkì wò. Bí kò bá yí, ẹ tún dúró. Sùúrù ló ń yọ ọ́, agbára ló ń fọ́ ọ.

Ìkejì, epo. Bẹntiróòlù tó pẹ́ máa ń dì bí oje igi sínú kábúrétọ̀. Ẹ tú u, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi atẹ́gùn fẹ́ àwọn ihò kéékèèké inú rẹ̀. Ẹ má fi wáyà gún un o, bàbà ni, bí ihò náà bá ti fẹ̀ díẹ̀ báyìí, máṣíìnì á máa mu epo bí ẹja. Tánkì tó ti dípẹtà, ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ àti epo òyìnbó sínú rẹ̀, ẹ mì ín títí, ẹ dà á nù, ẹ tún un ṣe títí omi rẹ̀ á fi mọ́.

Ìkẹta, iná. Àwọn máṣíìnì àtijọ́ ń lo kọ́ńtáàtì. Ẹ fi sáńdípépà tó kúnná nu ojú rẹ̀, kẹ́ ẹ wo àlàfo tó wà láàárín rẹ̀. Ti C70 kò gbọ́dọ̀ ju 0.3 sí 0.4 mìlímítà lọ. Bí èéfín aláwọ̀ búlúù bá ń jáde lẹ́yìn tó ti ṣiṣẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ríìngì ló ti jẹ. Ẹ gbé sílíńdà lọ sọ́dọ̀ onílééṣì, á bá yín fẹ ojú rẹ̀, ẹ ó sì wá písítìnì tó fi díẹ̀ tóbi jù ti tẹ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ Vespa tàbí èyí tó ń mu ọ́ìlì pọ̀ mọ́ epo, ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá inú tánkì ni wọ́n ti ń pò ó, tàbí ọ́ìlì ní ilé tirẹ̀. Ẹ má ṣe méfò, torí ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ tí kò bá rí ọ́ìlì, kò ní í pẹ́ kó tó gan.

Ìkẹrin, bírékì, táyà àti okùn wáyà gbogbo. Ìkarùn-ún ni ọ̀dà. Àwọn tó ń kánjú, orí ọ̀dà ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á kun òkú, wọ́n á ní ó jí.

Ẹ tún ṣọ́ra. Ẹ má fi bẹntiróòlù fọ irin nítòsí ààrò tàbí jẹnẹrétọ̀. Ẹ má tan ẹ́ńjìnnì nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ tì, èéfín yẹn ń pa èèyàn láìpariwo. Bírékì àtijọ́ lè ní ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì nínú, eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, torí náà, ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, aṣọ tútù ni kẹ́ ẹ fi nù ún. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá sì máa gùn ún, ẹ dé akoto. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2009 tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó FRSC ní kí gbogbo ọlọ́kadà dé e, àwọn kan dé igbá sórí. A rẹ́rìn-ín nígbà náà, ṣùgbọ́n igbá ò gba orí là.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíràn á sọ. Á ní owó tí màá ná sórí ẹ̀, ṣé kò tó ra tuntun? Ó lè sún mọ́ ọn. Ẹni tó ń wá èrè kó má dáwọ́ lé e. Bó bá sì jẹ́ pé ìpẹtà ti jẹ férémù jálẹ̀, ẹ má fi gun títì mọ́, kì í ṣe gbogbo òkú ló ń jí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń ṣe. Ilé-iṣẹ́ BSA ti ìlú Birmingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti wó láti ọdún 1973. Síbẹ̀, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé alùpùpù wà nítòsí ìlú yẹn. Lọ́dún 2003, iná jó ibẹ̀, alùpùpù tó lé ní 300 ló jóná. Wọn ò pe onírin. Wọ́n ṣa irin jíjó yẹn jọ, wọ́n tún ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣe, wọ́n sì ṣílẹ̀kùn padà. Àwa náà mọ̀ ọ́n ṣe nígbà tó bá wù wá: mọ́tò Mercedes tí wọ́n pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed sí lọ́dún 1976, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Oníkan l'Ékòó la gbé e sí. A ò rò ó lórí òṣùwọ̀n.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù kì í ṣe irin. Ọ̀gá mẹ́káníìkì tó mọ kọ́ńtáàtì í tún ṣe, tó ń fetí gbọ́ àìsàn ẹ́ńjìnnì kó tó mú sípánà, ti ń darúgbó. Alùpùpù tòde òní ń lo àpótí tí wọ́n ń pè ní CDI. Bó bá kú, wọ́n á jù ú nù, wọ́n á ra òmíràn. Ọmọṣẹ́ tó bá kọ́ṣẹ́ lórí ìyẹn nìkan, pípààrọ̀ ló mọ̀, kò mọ títúnṣe. Bí máṣíìnì àtijọ́ bá tán nílẹ̀, kí ni ọ̀gá yẹn á fi kọ́ ọmọṣẹ́? Òun náà á kó ìmọ̀ rẹ̀ lọ.

Nítorí náà, kí onírin tó dé, ẹ pe ara yín jọ gẹ́gẹ́ bí ọmọ ìyá. Ogún ni, ẹnì kan ò gbọ́dọ̀ dá a tà, ẹnì kan ò sì gbọ́dọ̀ dá a gbé lọ. Ẹ wá ìwé rẹ̀ nínú àpótí bàbá yín, ẹ wò ó bóyá nọ́ńbà tí wọ́n lù sára ẹ́ńjìnnì àti férémù bá ti inú ìwé mu. Ìwé yẹn ló máa gbà yín lójú títì. Lẹ́yìn náà, ẹ ránṣẹ́ sí ọ̀gá mẹ́káníìkì tó dàgbà jù ládùúgbò, ẹ sanwó iṣẹ́ fún un, kẹ́ ẹ sì ní kí ọmọ yín jókòó tì í ní gbogbo Sátidé, kó máa gbé sípánà fún un, kó máa béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí máṣíìnì náà bá jí, ẹ ti jèrè. Bí kò bá jí, ọmọ yín ti mọ̀ ọ́n tún ṣe. Onírin ò lè fi òṣùwọ̀n ra ìyẹn lọ́wọ́ yín. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.