Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì Kì Í Ṣe Èésú

Nígbà tí ẹni tí ń wá ọmọ ẹgbẹ́ fún òwò tí wọ́n ń pè ní nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá pàdé ọ̀dọ́mọdé Yorùbá ní Port Harcourt, ọ̀rọ̀ tí ó rọrùn fún un jù lọ láti sọ ni pé ohun tí òun mú wá kò yàtọ̀ sí èésú tí ìyá ọmọ náà ń dá nílé. Ọ̀rọ̀ yìí dùn létí, ó sì ń mú kí ara ọmọ náà balẹ̀, nítorí pé ta ni kò mọ èésú? Ṣùgbọ́n irọ́ gbáà ni. Irọ́ yìí ni ó yẹ kí àwọn òbí tí ń gbé ẹ̀yìn odi kọ́kọ́ tú wò kí wọ́n tó máa bá ọmọ wí.

Bí ẹni mẹ́wàá bá ń dá ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà lóṣooṣù, ẹnì kan ni yóò kó 200,000 náírà lóṣù kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn oṣù mẹ́wàá, gbogbo wọn ti kó tán, kò sí ẹni tí ó jèrè, kò sì sí ẹni tí ó pàdánù. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń sọ pé èésú kò lérè, iye tí a bá dá ni à ń kó. Alájọ pàápàá, iṣẹ́ rẹ̀ kò fara sin: owó ọjọ́ kan ni ó ń mú nínú owó oṣù kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀. Èésú kò nílò àlejò kankan kí ó tó lè parí. Àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni yóò parí rẹ̀.

Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ayédèrú kò lè parí láéláé, àfi kí ó dà wó. Owó ìwọlé ni ọmọ náà yóò kọ́kọ́ san. Wọn yóò gbé àpò ọjà kan lé e lọ́wọ́, bí ọṣẹ, tíì, oògùn ìfọyín tàbí aago ọwọ́, tí iye tí wọ́n bù lé e fi ìlọ́po púpọ̀ ju ti ọjà Mile 1 lọ. Wọn yóò wá sọ fún un pé kí ó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu nípa títa ọjà náà. Kí ó ṣáà wá ènìyàn sí ẹsẹ̀ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ òsì rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni àṣírí ti tú. Bí ọjà náà bá níye lórí, èé ṣe tí títà rẹ̀ kò fi jẹ́ iṣẹ́ ẹnikẹ́ni?

Ìṣirò tí ọmọ iléèwé gírámà lè ṣe ni èyí. Ká ní ẹnì kan mú ẹni mẹ́fà wọlé, tí olúkúlùkù àwọn mẹ́fà náà sì tún mú ẹni mẹ́fà wá. Mẹ́fà yóò di 36, 36 yóò di 216. Ìpele kẹwàá nìkan yóò gba ènìyàn 60,466,176. Ìpele kọkànlá yóò béèrè 362,797,056, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ọmọ Nàìjíríà, tọmọdé tàgbà, kò tó iye yẹn. Níbikíbi tí ètò náà bá sì ti dúró, nínú ẹni mẹ́fà tí ó wà nínú rẹ̀, márùn-ún ni kò ní ẹnì kankan lábẹ́. Owó àwọn márùn-ún yìí ni wọ́n fi ra mọ́tò tí wọ́n ń ya àwòrán rẹ̀ kiri.

Kì í ṣe gbogbo ilé-iṣẹ́ tí ń ta ọjà láti ọwọ́ dé ọwọ́ ni ó jẹ́ ti gbájú-ẹ̀. Ní 1979, àjọ FTC ti ìjọba Amẹ́ríkà gbé ọ̀ràn ilé-iṣẹ́ Amway yẹ̀ wò, ó sì pinnu pé òwò rẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí ń jẹ owó ìwọlé. Lára ìdí tí ó tẹ̀ lé ni pé ilé-iṣẹ́ náà ń gba ọjà tí kò bá tà padà, ó sì béèrè pé kí àwọn oníṣòwò rẹ̀ máa tà fún oníbàárà ní tòótọ́. Ìbéèrè tí ó yẹ kí gbogbo òbí fi kọ́ ọmọ wọn wà nínú ìdájọ́ yìí: ta ni ń ra ọjà náà lára àwọn tí kò retí láti rí owó kankan nínú ètò náà? Bí kò bá sí irú ẹni bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé owó àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn ni wọ́n ń pín.

Ìlú Port Harcourt kò ṣàìmọ irú èyí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni àwọn ilé ìfowópamọ́ tí wọ́n ń pè ní “wonder bank” ti jẹ owó ọ̀pọ̀ ènìyàn níbẹ̀. MMM, tí Sergei Mavrodi dá sílẹ̀ ní Rọ́ṣíà tí ó sì wó níbẹ̀ ní 1994, wọ Nàìjíríà ní oṣù kọkànlá 2015 pẹ̀lú ìlérí èrè ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù. Ní ọjọ́ 13, oṣù kejìlá 2016, nígbà tí ọdún Kérésìmesì kù fẹ́ẹ́fẹ́, wọ́n ti owó mọ́ inú rẹ̀. Àjọ NDIC sọ pé nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́ta ọmọ Nàìjíríà ni ó pàdánù tó bílíọ̀nù 18 náírà. Ẹni tí ó rò pé ẹ̀kọ́ yẹn ti tó, kí ó rántí CBEX ní oṣù kẹrin 2025, nígbà tí àwọn tí inú ń bí ya wọ ọ́fíìsì rẹ̀ ní Ìbàdàn, tí wọ́n sì ń gbé àga àti tábìlì jáde. Àga ni wọ́n rí gbé, wọn kò rí owó wọn.

Ohun tí ó mú kí ti Port Harcourt tún burú sí i ni epo rọ̀bì. Láti ilẹ̀ Yorùbá ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń lọ síbẹ̀, àwọn mìíràn nípasẹ̀ ìsìn ìlú NYSC, pẹ̀lú ìrètí pé ilé-iṣẹ́ epo yóò gbà wọ́n. Ọmọ tí ó ti kọ ìwé ìwáṣẹ́ títí tí ọwọ́ fi ń ro ó yóò gba àtẹ̀jíṣẹ́ pé kí ó wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Yóò yá bàtà, yóò wọ táì, yóò sì dé gbọ̀ngàn kan tí wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́, tí ẹnì kan ń sọ bí òun ṣe di olówó láàrin oṣù mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ kò sí nítòsí láti fà á létí. Àwọn àgbà sì sọ pé bí iṣu ẹni bá ta, à á fọwọ́ bò ó jẹ. Kí ló dé tí àwọn wọ̀nyí ń fi agogo pe àlejò sí ìdí iṣu tiwọn?

Ọ̀ràn yìí tilẹ̀ ti kọjá owó. Káàkiri ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, àwọn oníjìbìtì ti fi orúkọ QNET tan àwọn ọ̀dọ́ láti orílẹ̀-èdè kan dé òmíràn, wọ́n há wọn mọ́ ilé, wọ́n sì fi ipá mú wọn láti pe àwọn ará ilé wọn fún owó. Ilé-iṣẹ́ QNET fúnra rẹ̀ sọ pé àwọn afarawé ni wọ́n.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dun ni jù ni pé ẹni tí ó mọ́jú ọmọ ni ó sábà máa ń mú un lọ. Nínú ìpàdé ọmọ ìlú, lẹ́yìn ìsìn, níbi ìsọmọlórúkọ, ni wọ́n ti ń bá a sọ ọ́. Nítorí náà, ọwọ́ àwọn ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ní Port Harcourt ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ wà. Kí wọ́n kà á léèwọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni lo ìpàdé tàbí àkójọ nọ́ńbà ẹgbẹ́ láti wá ènìyàn sínú òwò bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n sì fi kún un pé ẹni tí ó bá gba èrè lórí owó ìwọlé ọmọ ẹgbẹ́ yóò dá èrè náà padà nígbà tí ètò náà bá wó. Àwọn kan yóò sọ pé wọ́n tan òun náà ni. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n èrè tí ó gbà kì í ṣe ti ẹni tí ó tàn án, ti ọmọ aládùúgbò rẹ̀ ni. Bí ẹgbẹ́ bá sì fẹ́ ṣe ju èèwọ̀ lọ, kí ó dá èésú tòótọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́, kí ẹni tí ó fẹ́ ra ẹ̀rọ ìránṣọ tàbí ohun èlò iṣẹ́ wáyà iná lè rí nǹkan fi bẹ̀rẹ̀.

Òfin ti wà pẹ̀lú. Òfin ìdókòwò tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí ní oṣù kẹta 2025 ka irú ètò wọ̀nyí léèwọ̀ gedegbe. Ẹ̀wọ̀n ọdún 10 àti owó ìtanràn tí kò dín ní mílíọ̀nù 20 náírà wà lára ìjìyà rẹ̀. Àjọ SEC tí ń mójú tó ìdókòwò ní ọ́fíìsì ní Port Harcourt, àjọ EFCC náà ní tirẹ̀ níbẹ̀. Ìtìjú ni kì í jẹ́ kí àwọn tí wọ́n jẹ lówó lọ síbẹ̀. Wọn a pa àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ́ kúrò lórí fóònù kí bàbá má baà rí i, wọn a sì fa ìwé ẹ̀rí ìsanwó ya. Kí bàbá tètè sọ fún ọmọ pé kò ní bínú, kí ó sì gba àwọn ìwé náà pa mọ́ kí wọ́n tó ya.