A kì í fárí lẹ́yìn olórí: Ta ni líǹkì ìwádìí yín ń bi léèrè?

Bí ẹ bá ń gbé láàárín Ajah sí Ẹ̀pẹ́, ó ṣeé ṣe kí irú líǹkì yìí ti wọ inú WhatsApp yín rí: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa ní ìṣẹ́jú méjì, ẹ sọ èrò yín lórí ọ̀rọ̀ àwọn tírélà tó ń lọ sí èbúté Lekki." Tèmi wọlé láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan. Google Forms ni. Mo tẹ̀ ẹ́, mo dáhùn, mo sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo group tí mo wà. Inú mi dùn pé mo ti ṣe ojúṣe mi.

Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, mo lọ ra ẹja yíyan lọ́wọ́ ìyá kan tí ibùjókòó wọn kò jìnnà sí èbúté náà. Mo bi wọ́n bóyá fọ́ọ̀mù náà ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n na fóònù wọn sí mi: fóònù tọ́ọ̀ṣì ni, rọ́bà ni wọ́n fi de ẹ̀yìn rẹ̀. "Ọmọ mi, èyí tí mo fi ń pe oníbàárà nìyí. Fọ́ọ̀mù wo lo ní?" Ojú tì mí. Tírélà tí mo ń ráhùn pé kì í jẹ́ kí n tètè dé ibi iṣẹ́, iwájú wọn ló ń gbà kọjá látàárọ̀ ṣúlẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kò gùn. Irinṣẹ́ tí èèyàn bá mú láti fi ṣe ìwádìí èrò aráàlú, òun ló ń yan ẹni tí yóò sọ̀rọ̀, kí ìbéèrè àkọ́kọ́ tó jáde rárá. Ẹni tó bá mú irinṣẹ́ kan kìkì nítorí pé ó rọ òun lọ́rùn, ara rẹ̀ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń bi léèrè.

Ọ̀rọ̀ agbègbè yìí kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí èbúté náà, oṣù Kẹrin ọdún yẹn ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ajé. Omi rẹ̀ jìn tó mítà 16.5, débi pé ọkọ̀ tí Àpápá kò lè gbà ń gúnlẹ̀ síbẹ̀. China Harbour, Tolaram, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó àti àjọ NPA ló jọ ni ín. Ilé ìfọpo Dangote kò jìnnà sí i, ọ̀nà etíkun tó fẹ́ dé Calabar náà ń bọ̀. Lọ́dún 2025, N12,500 tí wọ́n ní kí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan máa san fún ètò e-call-up dá awuyewuye sílẹ̀ láàárín ìjọba Èkó àtàwọn onítáńkà. Ṣáájú ìgbà yẹn, ní oṣù Kẹwàá 2015, ìwọ́de lórí ilẹ̀ ní agbègbè Lekki Free Zone di rògbòdìyàn, ẹ̀mí sì lọ sí i. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá gbóná tó báyìí, ìwádìí tí kò gbọ́ tẹnu gbogbo èèyàn lè burú ju kí wọ́n má ṣe é rárá lọ, torí wọn yóò gbé èsì rẹ̀ lọ síwájú aláṣẹ, wọn yóò ní, "Àwọn aráàlú ti sọ̀rọ̀."

Àwa tá a ka ìwé òfin, ara ohun tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ wa ni pé kí adájọ́ gbọ́ tọ̀tún tòsì. Àwọn bàbá wa ti sọ ọ́ kí ilé ìwé òfin tó dé: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Òfin àyẹ̀wò ipa iṣẹ́ lórí àyíká, ìyẹn EIA Act ti 1992, náà sọ ọ́ ní abala keje pé kí aláṣẹ tó ṣe ìpinnu lórí àbájáde irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀, kí wọ́n fún aráàlú, àwọn onímọ̀ àtàwọn tọ́rọ̀ kàn láǹfààní láti sọ tẹnu wọn. Aráàlú ni òfin wí o. Kò wí pé aráàlú tó ní dátà.

Ṣé ẹ rò pé mo ń sọ àsọdùn? Ẹ jẹ́ ká padà sí oṣù Kẹsàn-án 2022. Iléeṣẹ́ Premise ṣe ìwádìí ìbò ààrẹ fún Bloomberg nípasẹ̀ áàpù orí fóònù. Èèyàn 3,973 ló dáhùn, ìdá 72 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ti pinnu ẹni tí wọn yóò dìbò fún sì mú Peter Obi. Nígbà tí INEC ka ìbò ní 2023, Bọ́lá Tinubu ní 8,794,726, Obi ṣe ipò kẹta pẹ̀lú 6,101,533. Ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ti parí ẹjọ́ ìbò yẹn, èmi ò sì fẹ́ tún un ṣe. Kì í ṣe áàpù nìkan ló fa ìyàtọ̀ náà. Nínú mílíọ̀nù 93 tó forúkọ sílẹ̀, bíi mílíọ̀nù 25 péré ló jáde lọ́jọ́ ìbò. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní smartphone kò sí nínú ìwádìí yẹn rárá, ìwé ìdìbò sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó dáa, irinṣẹ́ wo ló wà, kí ni kálukú wọn sì dára fún?

Poll orí WhatsApp dára láti fi mú ọjọ́ ìpàdé. Ṣùgbọ́n nínú group, àwọn tó kù lè rí orúkọ ẹni tó mú èyí àti ẹni tó mú tọ̀hún. Bí ìbéèrè bá jẹ́ "Ṣé alága ń ná owó wa dáadáa?", ayálégbé wo ló máa tẹ "Rárá" lójú onílé rẹ̀? Telegram lè fi orúkọ pamọ́, ìyẹn sàn díẹ̀. Poll orí X ní tiẹ̀, ẹni tó wà ní London àti ẹni tó wà ní Sangotedo ni yóò jọ tẹ̀ ẹ́, ẹ ò sì ní mọ èwo ni ti èwo. Ẹ fi ṣàwàdà, ẹ má fi ṣe ẹ̀rí.

Google Forms ni ọ̀pọ̀ wa ń sá sí, ọ̀fẹ́ ni, ó sì yá. Wàhálà rẹ̀ rèé: bí ẹ bá ní kí ẹnìkan má dáhùn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, àfi kó kọ́kọ́ wọlé pẹ̀lú àkáǹtì Google. Ẹni tí kò ní, ó di ará ìta. Bí ẹ kò bá sì tì í, ẹnìkan tó ní sùúrù lè dáhùn ní ogún ìgbà. SurveyMonkey mọ́ lójú, ṣùgbọ́n ẹni tí kò sanwó kò ní rí gbogbo ìdáhùn tó bá wọlé, tó bá ti pọ̀. Ẹ wo ti owó kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Èyí tí mo rò pé ó bá ọ̀rọ̀ etí òkun mu jù ni KoboToolbox, tí àwọn àjọ tó ń ṣèrànwọ́ níbi ogun àti omíyalé máa ń lò. Ẹ ó kọ ìbéèrè sí i lédè Yorùbá, ẹ ó gbé e sórí fóònù Android, ẹ ó sì gbé fóònù náà lọ bá èèyàn níbi tó wà. Kò nílò nẹ́tíwọ̀kì lójú ẹsẹ̀. Tẹ́ ẹ bá padà dé ibi tí nẹ́tíwọ̀kì wà, ìdáhùn á wọlé. Ó lè gba ohùn èèyàn sílẹ̀ pẹ̀lú. Ìyá ẹlẹ́ja kò ní láti ní ju ẹnu rẹ̀ lọ.

Ohun kan tún wà tí a kì í fiyè sí. Mo ti rí fọ́ọ̀mù tó fẹ́ mọ èrò mi lórí ọ̀nà, tó wá ń béèrè NIN, ọjọ́ ìbí àti àdírẹ́sì ilé. Kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe? Òfin ààbò dátà tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà 2023 sọ pé ohun tí ẹ nílò nìkan ni kí ẹ gbà, kí ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe, kí ẹ má sì tọ́jú rẹ̀ ju àkókò tó yẹ lọ. Níbi tí ìjà ilẹ̀ wà, orúkọ àti nọ́ńbà ẹni tó bú aláṣẹ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi sílẹ̀ lórí fọ́ọ̀mù tí kò mọ ẹni tó ni ín.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ: "Ta ni yóò sanwó fún ẹni tó máa rìn káàkiri?" Òótọ́ ni, ó ń náni. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ méjì, fóònù Android méjì àti ọjọ́ Sátidé kan lè ṣe púpọ̀. Ẹ kọ́kọ́ rí baálẹ̀. Ẹ lọ nígbà tí àwọn apẹja bá ti ti orí omi dé. Ẹ bá àwọn obìnrin sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀. Ẹ má gbàgbé àwọn awakọ̀ tírélà fúnra wọn, èèyàn làwọn náà. Bí agbára yín kò bá sì gbé e, ẹ pe èsì yín ní orúkọ tó ń jẹ́: "Èrò àwọn ọmọ group wa." Ẹ má pè é ní èrò àwọn ará Ìbẹ̀jú-Lekki.

Mo padà sọ́dọ̀ ìyá ẹlẹ́ja. Mo ka ìbéèrè fọ́ọ̀mù náà sí wọn létí: kí ni ìṣòro yín jù nínú ọ̀rọ̀ tírélà? Ohun mẹ́ta ló wà tí wọ́n lè mú: súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ọ̀nà tó bàjẹ́, ìjàm̀bá ọkọ̀. Wọ́n mi orí. "Eruku ni. Gbogbo rẹ̀ ló ń bà lé ẹja mi. Oníbàárà ò fẹ́ ra ẹja elérùpẹ̀. Níbo ni wọ́n kọ ìyẹn sí?"

Wọn ò kọ ọ́ síbì kankan. Ẹni tó kọ fọ́ọ̀mù náà, bóyá inú ọkọ̀ tó ní éésì ló máa ń jókòó sí bí tírélà bá ń kọjá, bíi tèmi. Nítorí náà, nígbà tí líǹkì bá tún wọlé, kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ bi ẹni tó ni ín ní ìbéèrè mẹ́ta: ta ni líǹkì yìí kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀? Ta ni yóò rí ìdáhùn mi? Àyè wà níbẹ̀ fún ohun tí ẹ̀yin kò rò? Bí kò bá rí ìdáhùn sí i, ẹ sọ fún un pé a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Olórí wà ní etí òkun, ó ń yan ẹja, ẹnu rẹ̀ sì dá ṣáká.