Ẹ Má Tìtorí Páálí Ra Láptọ́ọ̀pù

Ẹni tó bá fẹ́ ra láptọ́ọ̀pù fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì, tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò sì pọ̀, oríṣi méjì ni yóò bá pàdé ní Computer Village n'Íkẹjà. Ọ̀kan á wà nínú páálí, wọn ò tíì já ọ̀rá ara rẹ̀, á máa dán gbinrin. Èkejì á jẹ́ tòkunbọ̀, tí wọ́n tò jọ lórí ara wọn, á dúdú, á nípọn díẹ̀, ọ̀dà ara rẹ̀ á sì ti bó níbì kan. Iye tí wọ́n ń ta méjèèjì lè fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ti inú páálí ni ọ̀pọ̀ òbí máa ń nawọ́ sí láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé kò sẹ́ni tó lò ó rí. Lójú tèmi, àṣìṣe ni, owó ńlá ló sì ń bá a lọ. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí wọ́n dìídì ṣe fún iṣẹ́ ọ́fíìsì, tí a yẹ̀ wò fínnífínní kí á tó sanwó, sàn fún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wa ju tuntun olówó pọ́ọ́kú lọ. Ọ̀rọ̀ náà tún wá le sí i láti oṣù Okúdù ọdún 2023, nígbà tí ìjọba yọ ọwọ́ kúrò lórí iye tí wọ́n ń ṣẹ́ náírà. Dọ́là kan tí wọ́n ń ṣẹ́ ní nǹkan bíi 460 náírà tẹ́lẹ̀ ti kọjá 1,500 kí ọdún 2024 tó parí. Owó tó ń ra tuntun gidi nígbà yẹn, tuntun tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ló ń rà báyìí.

Ẹ jẹ́ ká ṣí páálí ọ̀hún wò. Ohun tí a sábà máa ń bá nínú láptọ́ọ̀pù tuntun tí owó rẹ̀ kéré jù ni processor Celeron, irú bíi N4020 tó ní core méjì péré, RAM 4GB, àti ibi ìkópamọ́ 64GB tí wọ́n ń pè ní eMMC. Àwọn tó ṣe Windows 11 sì ti sọ ohun tó kéré jù tó lè ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀: RAM 4GB, ibi ìkópamọ́ 64GB. Ìyẹn ni pé ọjọ́ tí a gbé ẹ̀rọ náà délé gan-an ló ti dé òpin agbára rẹ̀. RAM dà bí orí tábìlì tí èèyàn ti ń ṣiṣẹ́, ibi ìkópamọ́ sì dà bí àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí tábìlì bá kún, kọ̀ǹpútà á bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù sínú àpótí, á tún máa lọ kó o jáde bó bá fẹ́ lò ó. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣí Word, tó ṣí ojú ìwé mẹ́fà lórí Chrome, tó tún ń gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí Zoom, tábìlì rẹ̀ ti kún nìyẹn, eMMC tí ẹ̀rọ sì ń sáré lọ bá lọ́ra gan-an sí SSD, irú ìkópamọ́ tó yára jù ú lọ. Ibẹ̀ ni dídúró gbagidi tí gbogbo wa mọ̀ ti ń wá, tí èèyàn á tẹ kíbọ́ọ̀dù, tí lẹ́tà ò ní jáde. Windows tún ń béèrè àyè nígbàkúùgbà tó bá fẹ́ gba àtúnṣe tuntun, inú 64GB kan náà ni yóò sì ti wá a. Èyí tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé òjé ni wọ́n fi jó eMMC ọ̀hún mọ́ bọ́ọ̀dù, wọ́n sì sábà máa ń jó RAM náà mọ́ ọn. Kò sí bí oníṣẹ́ ìgboro ṣe fẹ́ yọ ọ́ kó fi èyí tó tóbi rọ́pò rẹ̀ lówó tó mọ níwọ̀n. Ẹ̀rọ náà lè má tíì pé oṣù mẹ́ta lọ́wọ́ ẹni tó rà á, kó sì ti gbó.

Tòkunbọ̀ tí mò ń sọ kì í ṣe gbogbo ohun tó bá ṣáà ti sọ̀ kalẹ̀ ní èbúté o. Àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá, ilé ìwé àti ọ́fíìsì ìjọba ní Bìrìtéènì àti Amẹ́ríkà kì í lo láptọ́ọ̀pù títí tó fi máa kú. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, nígbà tí wárántì tàbí àdéhùn ìyálò bá ti parí, ọ̀pọ̀ wọn á kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ìbáà máa ṣiṣẹ́ dáadáa. ThinkPad, Latitude ti Dell àti EliteBook ti HP ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń kó sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọdún 1992 ni IBM kọ́kọ́ gbé ThinkPad jáde, Lenovo sì ra iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn ní 2005. Ẹni tí wọ́n ń fọkàn sí nígbà tí wọ́n ń ṣe irú ẹ̀rọ báyìí ni ọ̀gá tó ń ra ẹgbẹ̀rún kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí kò sì ní gbà kí iṣẹ́ òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró nítorí pé ibi tí wọ́n ti ń ṣí láptọ́ọ̀pù ti ṣẹ́. Nítorí náà ni ìsopọ̀ tí a fi ń ṣí i tí a fi ń pa á dé ṣe le koko, tí wọ́n sì lu ihò sábẹ́ kíbọ́ọ̀dù ọ̀pọ̀ ThinkPad kí omi tó bá dà sí i lè rí ibi gbà jáde. Ẹ wo ThinkPad T480 tó jáde ní 2018. Àyè RAM méjì ló ní, SSD rẹ̀ ṣeé yọ, bátìrì méjì ló sì ń lò: ọ̀kan nínú, ọ̀kan lẹ́yìn tí èèyàn lè fi ọwọ́ lásán yọ. EliteBook 840 G5 àti Latitude 5490 tí wọ́n jọ jẹ́ ẹgbẹ́ náà ní àyè RAM méjì. Core i5-8250U tó wà nínú ọ̀pọ̀ wọn ní core mẹ́rin, ìlọ́po méjì ti Celeron tó wà nínú páálí. Ilé iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì gbé ìwé tó ṣàlàyé bí a ṣe ń tú ẹ̀rọ wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lè kà á kó tó fọwọ́ kan ìdè kan.

Ibi tí wọ́n ti ń fi orúkọ gbá oníbàárà mú wà níbí, mo sì fẹ́ kí á dúró lé e díẹ̀. "Core i5 ni," ni ontàjà á wí, oníbàárà á sì mi orí. Ṣùgbọ́n Core i5 ní ìran. Ti ọdún 2012, ìyẹn ìran kẹta, core méjì péré ló máa ń ní nínú láptọ́ọ̀pù ọ́fíìsì. Ìran kẹjọ tó jáde ní 2017 ló sọ ọ́ di mẹ́rin nínú àwọn láptọ́ọ̀pù tẹ́ẹ́rẹ́. Nígbà tí Windows 11 sì dé ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2021, ìran kẹjọ yìí náà ni Microsoft fà lélẹ̀ bí ààlà fún Core. Díẹ̀ báyìí nínú ohun tó ṣáájú rẹ̀ ni wọ́n gbà wọlé. Ní ọjọ́ 14 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2025, wọ́n parí àtìlẹ́yìn tí wọ́n ń ṣe fún Windows 10. Ẹni tó bá ra ìran kẹfà lónìí nítorí pé "i5 ṣáà ni" ti ra ẹ̀rọ tí kò ní ilẹ̀kùn mọ́ sí ọ̀dọ̀ olè orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó lè gbé Linux sórí rẹ̀ dípò Windows, ó sì máa ṣiṣẹ́ dáadáa, àmọ́ kí ó ti mọ̀ kó tó sanwó pé ohun tí òun ń rà nìyẹn. Kíka ìran náà kò le rárá. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé àmì fífà ni kí ẹ wò: 8 tó ṣáájú nínú i5-8250U ni ìran kẹjọ, 10 tó ṣáájú nínú i5-10210U ni ìran kẹwàá. Ẹ má sì gba ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ gbọ́, torí ẹnikẹ́ni lè lẹ ìwé mọ́ ọn. Inú Settings, níbi tí wọ́n kọ About sí, ni kí ẹ ti kà á fúnra yín.

Àwọn kan á sọ pé pàǹtírí òyìnbó ni tòkunbọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ìwádìí tí United Nations University àti Basel Convention Coordinating Centre for Africa tó wà n'Íbàdàn jọ ṣe ní èbúté Èkó lọ́dún 2015 àti 2016 fi hàn pé nǹkan bíi 60,000 tọ́ọ̀nù ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́ tí wọ́n ti lò ló ń wọlé lọ́dún kan. Inú ọkọ̀ tòkunbọ̀ ni wọ́n di púpọ̀ nínú rẹ̀ sí, apá kan tí kò kéré nínú rẹ̀ sì ti kú kó tó dé. Tẹlifíṣọ̀n àti fíríìjì wà nínú rẹ̀, kọ̀ǹpútà náà wà níbẹ̀. Ohun tí èyí fi yé mi ni pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ra tòkunbọ̀ láìtàn án wò. Kò fi yé mi pé kí á sá fún gbogbo rẹ̀. Ẹni tó ń ra iṣu ní ọjà Bódìjà ń gbé e yí, ó ń tẹ ìdí rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń bínú sí i. Láptọ́ọ̀pù gba irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀, ó tún ní ohun tí iṣu kò ní: òun fúnra rẹ̀ lè sọ ìtàn ara rẹ̀. Bí a bá tẹ powercfg /batteryreport sínú Command Prompt, á kọ ìwé kan jáde tó sọ agbára tí bátìrì ní lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é àti èyí tó kù báyìí. Bó bá jẹ́ 50,000 nígbà náà, tó wá di 25,000, ìdajì ti lọ nìyẹn, kí iye owó náà wálẹ̀. CrystalDiskInfo, tí a ń rí gbà lọ́fẹ̀ẹ́, á sọ bí ìlera SSD ṣe rí. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀rọ, bí a bá tẹ̀ ẹ́ sí ojú ìwé ilé iṣẹ́ tó ṣe é, á fi irú ẹ̀rọ tó jẹ́ àti ìgbà tí wárántì rẹ̀ parí hàn, èèyàn á sì ti ibẹ̀ mọ ọjọ́ orí rẹ̀.

Èyí tí ọ̀pọ̀ kì í wò, tó sì burú jù, ni kọ́kọ́rọ́ ilé iṣẹ́ tó kọ́kọ́ ni ẹ̀rọ náà. Àwọn kan wà tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ aṣínà ti BIOS wọn, ìyẹn ètò tó kọ́kọ́ ń jí nígbà tí a bá tan ẹ̀rọ. Àwọn mìíràn wà tó ṣì wà nínú ìwé ilé iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ Microsoft, tó fi jẹ́ pé ọjọ́ tí a bá pa gbogbo nǹkan inú rẹ̀ rẹ́, tí a sì so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, orúkọ ilé iṣẹ́ náà ni yóò yọ lójú rẹ̀, tí á ní kí á wá fi orúkọ òṣìṣẹ́ wọlé. Ẹ ní kí ontàjà wọ BIOS lójú yín. Ẹ ní kó tún Windows tò látìbẹ̀rẹ̀, kó sì so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó san kọ́bọ̀, bó tilẹ̀ gba wákàtí kan. Bí ó bá ń kánjú, ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò tíì ti ilẹ̀kùn.

Wárántì ni àwọn tó fẹ́ràn páálí máa ń tẹnu mọ́ jù, mi ò sì fojú kéré rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ń ra ogún lẹ́ẹ̀kan náà, tó nílò ìwé fún àwọn aṣírò-owó, kó ra tuntun. Ẹni tí apá rẹ̀ ká a náà, kó ra tuntun, kó má ṣáà ra èyí tí RAM rẹ̀ kò tó 8GB, tí SSD rẹ̀ kò sì tó 256GB. Ṣùgbọ́n kí á ka ohun tí wárántì ń sọ. Àléébù tó wá láti ilé iṣẹ́ ló sábà máa ń bò. Omi tó dà sí i, jíjábọ́, àti iná tó ya wọlé lójijì kò sábà sí nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an ló ń pa láptọ́ọ̀pù lọ́wọ́ wa. Nígbà tí kíbọ́ọ̀dù T480 bá bàjẹ́, èèyàn á rí òmíràn rà, á sì rí ẹni tó mọ̀ ọ́n tú, torí pé ẹ̀rọ náà pọ̀ nígboro. Irú tuntun olówó kékeré tó jẹ́ pé ọdún kan péré ni wọ́n fi ṣe é kì í ní ẹ̀yà ara tó rọrùn láti rí rà bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iná náà kan èyí. Níbi tí iná kì í ti í dúró, bátìrì kì í ṣe ohun àfikún, òun ni ìdajì iye tí láptọ́ọ̀pù tó. Kí ẹni tó ń ra tòkunbọ̀ yọ owó bátìrì mìíràn sọ́tọ̀ nínú owó tó mú wá láti ilé, kó má ná gbogbo rẹ̀ sórí ẹ̀rọ. Kó sì wá èyí tó ń gba ṣájà USB-C, bíi T480, torí á ṣeé fi ṣájà oríṣiríṣi tí agbára rẹ̀ tó gbé, tó fi mọ́ power bank ńlá àti iná oòrùn kékeré, tí kò ní í sí ìdí láti tan jẹnẹrétọ̀ nítorí iṣẹ́ àṣetiléwá kan. MacBook Air M1 ti ọdún 2020 borí gbogbo wọn nípa bátìrì, mo gbà bẹ́ẹ̀, àmọ́ wọ́n jó RAM àti ìkópamọ́ rẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù, ohun tí a bá rà lọ́jọ́ kìíní ni a ó máa lò títí.

Apá tó kù wà lọ́wọ́ àwọn ontàjà. Òfin Federal Competition and Consumer Protection Act ti ọdún 2018 fún oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọjà tó ní àléébù padà, ṣùgbọ́n rìsíìtì tí wọ́n kọ "laptop 1" sí, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi í dì mú. Kí wọ́n kọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀rọ náà sí i, ìran processor rẹ̀, ìwọ̀n RAM àti SSD, iye tó kù nínú agbára bátìrì, àti iye ọjọ́ tí oníbàárà ní láti fi dá a padà. Ìlà márùn-ún ni. Kí oníbàárà má sì jẹ́ kí owó kúrò lápò òun títí tí wọn yóò fi kọ ọ́ tán.